Kí Ló Mú Ọ̀nà Omi Páńkíríásì Fẹ̀?

Ní ìlú Padua nílẹ̀ Ítálì, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 1642, wọ́n gbé òkú apànìyàn kan tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹgi fún wá síwájú Johann Georg Wirsung, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa la ara òkú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè fojú ara wọn rí bí Ẹlẹ́dàá ti to inú ọmọ ènìyàn. Bí ó ti ń fi ọ̀bẹ tú ẹran rírọ̀ kan wò, èyí tí ó nà gbọọrọ sẹ́yìn àpòlúkù, ó bá ọ̀nà tóóró kan pàdé láàrin rẹ̀, tí ó ti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì, tí ó sì la ẹnu sínú ìfun. Kò mọ ohun tí Olódùmarè fi í ṣe. Ó gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sára awo bàbà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris àti láwọn ìlú mìíràn ní Yúróòpù, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ fún òun bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ ni tàbí ohun mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni tó fún un lésì tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n yìnbọn pa á nítòsí ilé rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1643. Ẹnìkan sì tún wà, Moritz Hoffmann, tí ó ní òun ti rí ọ̀nà náà nínú ikùn tòlótòló ní ọdún 1641, àti pé òun ni òun fi han Wirsung. Ìjà ta ló kọ́kọ́ rí i kò ṣe àjèjì láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé, bí kò ti ṣe àjèjì láàrin àwọn ọdẹ.

Ní ọdún 1664 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Leiden, Regnier de Graaf, ti kàlámù ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ igbó bọ ọ̀nà yìí nínú ikùn ajá, tí ó so ìgò kékeré mọ́ ọn, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú ìgò. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé omi ni ọ̀nà Wirsung ń gbé.

Nílé ìwòsàn òde òní, ọ̀nà tóóró kan náà ni ó ń kó jìnnìjìnnì bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí inú ń run, tàbí tí ó ń rù láìnídìí, yóò lọ ṣe àyẹ̀wò, wọn a sì kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé ọ̀nà omi páńkíríásì fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ju ìlà kan lọ. Kí aláìsàn tó délé, ọmọ rẹ̀ ti wá a lórí fóònù, orúkọ tí ọmọ náà sì kọ́kọ́ bá pàdé ni jẹjẹrẹ. Mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ lórí ìlà kan yìí, nítorí ó ti hàn sí mi pé ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà ṣì í kà: àwọn kan gbà á bí ìdájọ́ ikú, àwọn mìíràn a ní ọjọ́ orí ló mú un wá, wọn a sì ká ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìkánjú ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Kí ọ̀nà omi fẹ̀ kò tíì tó ohun tí a ń pè lárùn. Ohun tí ó mú un fẹ̀ ni kí a wá lọ, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń wò. Páńkíríásì kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 15 lọ. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja níwájú egungun ẹ̀yìn, orí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún níbi tí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré ti ká a mọ́ra, ìrù rẹ̀ sì nà dé ẹ̀bá ọlọ inú lápá òsì. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Ó ń tú insulin sínú ẹ̀jẹ̀, kí ṣúgà má baà pọ̀ kọjá ààlà. Ó sì ń pèsè omi tí ó lè ju lítà kan lọ lóòjọ́, omi tí ń mú ọ̀rá, ẹran àti ìyẹ̀fun dà nínú ìfun. Omi yìí ni ó ń gba ọ̀nà Wirsung kọjá. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé ìfun, ó ń pàdé ọ̀nà òronro tí ń ti ẹ̀dọ̀ bọ̀, àwọn méjèèjì a sì gba ẹnu kan náà wọlé, ẹnu tí Abraham Vater ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1720, tí iṣan ẹran róbótó kan sì ń ṣọ́, èyí tí Ruggero Oddi ṣàlàyé ní ọdún 1887 nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Perugia. Ẹni tí ó bá rántí pé ẹnu kan ni òronro àti omi páńkíríásì jọ ń gbà yóò lóye púpọ̀ nínú ohun tí ń bọ̀.

Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ọ̀nà omi yìí kì í sábà fẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ ní orí páńkíríásì, 2 ní àárín, àti 1 ní ìrù. Ẹ wò ó bí ó ti kéré tó! Ohun tí à ń pè ní fífẹ̀ lè jẹ́ mìlímítà kan péré lé sí i, èyí tí ojú lásán kò lè kà sí, ṣùgbọ́n tí ó lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ ohun tí yóò gba ẹ̀mí ènìyàn, tí ó sì lè má jẹ́ nǹkankan rárá.

Bí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe di ohun tí a ń rí nígbà tí aláìsàn ṣì wà láàyè jẹ́ ìtàn tó yẹ ní sísọ. Ẹ̀rọ olóhùn tí a ń fi yí orí ikùn aláboyún kì í sábà rí páńkíríásì dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ inú àpòlúkù àti ìfun a máa dí ohùn lọ́nà, ọ̀rá ikùn a sì sọ àwòrán di bàìbàì. Ní ọdún 1980, àwọn oníṣègùn kan ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, tí Eugene DiMagno ṣáájú wọn, àti àwọn mìíràn ní Jámánì, Strohm àti Classen, gbé ẹ̀rọ olóhùn kékeré sí orí okùn rírọ̀ tí a fi ń wo inú ènìyàn láti ẹnu, wọ́n sì tì í wọlé títí ó fi dé ibi tí páńkíríásì fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn ni a fi ń wò ó. Aláìsàn kò ní jẹun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọn a fún un lóògùn tí yóò mú un tòògbé, yóò sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀; láti inú àpòlúkù ni dókítà ti ń wo àárín páńkíríásì àti ìrù rẹ̀, nígbà tí ó bá sì dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ni yóò rí orí rẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Etí wa kì í gbọ́ ohùn tí ìgbì rẹ̀ bá ju 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ẹ̀rọ yìí ń lọ sí mílíọ̀nù 5, ó lè dé mílíọ̀nù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ni ó fi ń rí kókó tí kò tó sẹ̀ńtímítà kan. EUS ni àwọn dókítà ń pè é ní ìkékúrú. Ẹ̀rọ CT tí a ń pè ní skáànì ń rí gbogbo ara láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ń rí ẹ̀dọ̀ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó jìnnà, ṣùgbọ́n kókó kékeré inú páńkíríásì a máa bọ́ mọ́ ọn lójú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀rọ EUS kò tíì pọ̀ nílẹ̀ wa, owó rẹ̀ kò sì kéré, èyí ni ó sì fi ń jẹ́ pé ẹni tí ó bá délé pẹ̀lú èsì rẹ̀ ti la ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn kọjá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí odò fi kún kọjá bèbè lókè, ìsàlẹ̀ ni yóò kọrí sí, nítorí níbi tí ìtì igi ti dábùú odò ni omi ti ń padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni dókítà ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀nà omi náà láti ìrù lọ sí orí, tí ó ń wo ibi tí ó ti fẹ̀, ibi tí ó ti fún, àti bóyá ó fún díẹ̀díẹ̀ ni tàbí ó gé lójijì. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ohun tí ó lè dí ọ̀nà náà pọ̀, àwòrán wọn a sì máa jọra.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ni kí páńkíríásì máa wú, kí ó máa sàn, kí ó tún máa wú, títí àpá yóò fi gba gbogbo ara rẹ̀. Ọtí líle tí a mu fún ọ̀pọ̀ ọdún ni olórí ohun tí ń fà á ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, sìgá sì ń bá a kẹ́gbẹ́. Ẹni tí ń mu ògógóró tàbí paraga láràárọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀, tí ó tún ń fi sìgá lé e, ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ń fà á. Àpá a fa ọ̀nà omi pọ̀ níbì kan, a sì jẹ́ kí ó fẹ̀ níbòmíràn, omi inú rẹ̀ a ki, èròjà tí ó yẹ kí ó ṣàn lọ a dì, yóò sì di òkúta, òkúta náà yóò wá dí ohun tí àpá ti fún tẹ́lẹ̀. Ìrora rẹ̀ a máa ti inú gún dé ẹ̀yìn, a sì le sí i lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tí omi tí ń mú ọ̀rá dà kò bá dé ìfun mọ́, ìgbẹ́ á di ọlọ́ràá, á máa léfòó, á sì máa rùn kọjá bó ṣe yẹ, ẹni náà á sì máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun. Mélòó nínú irú àwọn wọ̀nyí ni ó ti ń ra oògùn ọgbẹ́ inú lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì láti ọdún dé ọdún! Ó ti di àṣà láàrin wa pé gbogbo inú rírun lókè ìdodo, ọgbẹ́ inú ni, mo sì gbà pé àṣà yìí ti pa ènìyàn ju ọgbẹ́ inú fúnra rẹ̀ lọ.

Òkúta inú ọ̀nà omi yìí ti ṣe aráyé lóore kan tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Nínú ẹ̀dà oṣù kọkànlá ọdún 1920, èyí tí ó jáde kí oṣù náà tó wọlé, ni ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ Moses Barron jáde, oníṣègùn tí ó yẹ òkú kan wò, tí ó rí i pé òkúta dí ọ̀nà omi páńkíríásì pátápátá, àti pé gbogbo ẹran tí ń pèsè omi náà ti gbẹ, ṣùgbọ́n àwọn ìṣùpọ̀ kéékèèké tí Paul Langerhans ti rí ní ọdún 1869, àwọn tí ń tú insulin jáde, kò kú. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún kan náà, dókítà ọ̀dọ́ kan ní ìlú London ní ìpínlẹ̀ Ontario nílẹ̀ Kánádà, Frederick Banting, ka iṣẹ́ Barron lálẹ́, oorun sì dá lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun yóò so ọ̀nà omi páńkíríásì ajá, òun yóò dúró kí ẹran tí ń pèsè omi gbẹ, òun yóò sì fa ohun tí ó kù jáde láti fi wo àtọ̀gbẹ sàn. Ní ọdún 1921, òun àti Charles Best ṣe é ní Toronto. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, Leonard Thompson, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ insulin. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n rí i pé kò tilẹ̀ di dandan kí a so ọ̀nà omi kan kí a tó rí insulin. Ìdí tí ó fi tọ́ kí a sọ ìtàn náà níbí ni pé ó ṣàlàyé ohun tí ojú wa ń rí lára aláìsàn: ọ̀nà tí ó dí a kọ́kọ́ pa ẹran tí ń mú oúnjẹ dà, àtọ̀gbẹ a sì máa kẹ́yìn dé, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Irú òkúta yìí kò sì jìnnà sí wa. Ní ọdún 1959, Zuidema ròyìn àwọn aláìsàn ní Indonesia, tálákà tí oúnjẹ kò tó, tí wọn kò mutí, ṣùgbọ́n tí páńkíríásì wọn kún fún òkúta, tí àtọ̀gbẹ sì bá wọn nígbà èwe. Kò pẹ́ tí Geevarghese fi rí ọ̀pọ̀ irú wọn ní Kerala ní gúúsù Íńdíà. Ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, ní ilé ìwòsàn UCH tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkúta náà lórí àwòrán, àti ní ọdún 1969, E. O. Olurin àti O. Olurin gbé ìròyìn ènìyàn 45 tí ó ní i jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdùnnú ni ó jẹ́ fún mi láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí ayé ń kọ́ nípa àrùn yìí, orúkọ Yorùbá wà lára àwọn tí ó kọ́ wọn. Àmì òkúta ti ilẹ̀ olóoru ni pé ó máa ń tóbi, inú ọ̀nà omi ńlá ni ó sì ń jókòó sí, tí ọ̀nà náà á fẹ̀ gan-an. Òkúta ti ọ̀mùtí a máa kéré, a sì fọ́n káàkiri.

Kí ni ó ń fà á? Ní ọdún 1979, McMillan àti Geevarghese fura sí ẹ̀gẹ́, nítorí májèlé tí ń jẹ́ cyanide tí ó wà nínú rẹ̀, àwọn ará Kerala sì ń jẹ ẹ̀gẹ́ púpọ̀. Ìfura náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú hàn ní àwọn ọdún 1960 pé ẹ̀gẹ́ tí a kò sè tàbí rẹ dáadáa lè ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ àti ojú jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti páńkíríásì, ilẹ̀ wà tí wọ́n ń jẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ tí àrùn náà kò sí, ilẹ̀ sì wà tí àrùn náà wà tí wọn kò jẹ ẹ̀gẹ́; nígbà tí ó sì di ọdún 2002, àwọn olùwádìí rí i pé àbùkù kan tí a ń jogún, tí wọ́n ń pè ní SPINK1, wà lára púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà ní Íńdíà àti Bangladesh. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí da gààrí nù. Gààrí tí a jẹ́ kí ó kan dáadáa, tí a fún, tí a sì yan, púpọ̀ nínú májèlé rẹ̀ ti lọ.

Mo ti mọ̀ọ́mọ̀ fi jẹjẹrẹ sẹ́yìn, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn fi ń ṣáájú. Àmọ́ òun náà ni dókítà kò gbọdọ̀ fi sẹ́yìn. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹjẹrẹ páńkíríásì ni ó ń hù ní orí rẹ̀, ibi tí ọ̀nà omi àti ọ̀nà òronro ti súnmọ́ ara wọn, nítorí náà kókó kan ṣoṣo lè fún àwọn méjèèjì pa. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì ni ó fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara dókítà kì í balẹ̀ mọ́. Ojú aláìsàn yóò di àwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú, ìgbẹ́ rẹ̀ á funfun, ara á máa yún un, inú rẹ̀ sì lè má tilẹ̀ dùn ún. Ludwig Courvoisier, oníṣẹ́ abẹ ní Switzerland, ti kọ ọ́ ní ọdún 1890 pé nígbà tí ojú bá pọ́n bẹ́ẹ̀, tí àpò òronro sì wú, a kò gbọdọ̀ yára fi í sọ́rùn òkúta òronro. Ẹni tí ó bá pe èyí ní ibà pọ́njú, tí ó ń fi àgbo wẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, àsìkò tí iṣẹ́ abẹ lè wúlò ni ó ń fi tọrẹ. Bí jẹjẹrẹ bá hù ní àárín tàbí ní ìrù, ojú kì í tètè pọ́n, àmì tí a lè kọ́kọ́ rí ni kí ọ̀nà omi gé lójijì, kí apá tí ó wà lókè ibi gígé náà fẹ̀, kí ẹran tí ó yí i ká sì fẹ́lẹ́. Àtọ̀gbẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú lẹ́yìn àádọ́ta ọdún lára ẹni tí ń rù, tí kò sanra tẹ́lẹ̀, tí a kò bá irú rẹ̀ nílé wọn, ó yẹ kí a bi í léèrè dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 13 nínú 100 ẹni tí jẹjẹrẹ páńkíríásì mú ni ó ń pé ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí a rí i. Àwọn tí ó ń pé e jù ni àwọn tí a rí tiwọn nígbà tí ó ṣì kéré, tí iṣẹ́ abẹ irú èyí tí Allen Whipple ròyìn ní New York ní ọdún 1935 ṣì lè gé e kúrò. Kókó mìíràn tún wà tí ó ń hù ní ẹnu Vater gan-an, tí ó lè mú kí ojú pọ́n, kí ó dá, kí ó tún pọ́n. Ti èyí sàn díẹ̀, nítorí ó ń tètè kígbe.

Àrùn kan wà tí kò dí ọ̀nà omi láti òde rárá. Ní ọdún 1982, Ohashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ròyìn àwọn aláìsàn tí ikun tó ki ń ṣàn láti ẹnu ọ̀nà páńkíríásì wọn sínú ìfun, tí ẹnu náà sì là gbàgà, tí àwọn dókítà fi ń pè é ní ẹnu ẹja. Awọ inú ọ̀nà omi fúnra rẹ̀ ni ó ń hu èéhù wẹ́wẹ́ tí ń pèsè ikun náà, ikun a sì kún un títí yóò fi fẹ̀. IPMN ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Ìdí tí a fi ń bẹ̀rù rẹ̀ ni pé ó lè di jẹjẹrẹ. Ìdí tí a fi ń yọ̀ pé a rí i ni pé kò tíì di jẹjẹrẹ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí a rí i. Nínú àdéhùn tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbogbo àgbáyé ṣe ní Fukuoka tí ó jáde ní ọdún 2012, tí wọ́n sì tún ṣe ní Kyoto tí ó jáde ní ọdún 2024, bí ọ̀nà omi bá fẹ̀ láti mìlímítà 5 dé 9, kí a fọkàn sí i, kí a wò ó fínnífínní. Bí ó bá pé 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ewu rẹ̀ ga, kí a sì jíròrò iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ẹni tí ara rẹ̀ lè gbà á. Lórí ẹ̀rọ EUS, ohun tí ó jọ kókó lè jẹ́ ikun tó dì lásán, dókítà tí ó mọṣẹ́ á sì ní kí aláìsàn yí ara padà kí òun rí i bóyá yóò sún.

Àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí n yára kà wọ́n. Aràn ńlá inú ìfun a máa gun ẹnu Vater wọ ọ̀nà òronro, tàbí ọ̀nà páńkíríásì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Kashmir ni Khuroo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i jù, lórí ẹ̀rọ olóhùn sì ni a ti ń rí i tí ó ń rìn. Ẹni tí irin ọwọ́ ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ gún níkùn lè ní àpá níbi tí páńkíríásì ti dábùú egungun ẹ̀yìn, tí ọ̀nà omi yóò sì fẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí ó ti gbàgbé ìjàǹbá náà. Nínú oyún, páńkíríásì máa ń hù ní apá méjì kí ó tó so pọ̀. Lára nǹkan bí ènìyàn 4 sí 10 nínú 100, ọ̀nà wọn kì í so, púpọ̀ nínú omi a sì gba ẹnu kékeré tí ó jẹ́ ti ọ̀nà Giovanni Santorini, ọmọ Venice tí wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní ọdún 1775 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹnu náà sì lè má gba gbogbo omi tí ń bọ̀. Oògùn apàrora tí ó jẹ́ ìbátan mọ́fíìnì a máa mú iṣan Oddi há. Ọjọ́ orí náà ń ṣe tirẹ̀, nítorí ọ̀nà omi arúgbó a máa fẹ̀ díẹ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ láìsí ohun tí ó dí i. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ ti ọjọ́ orí a máa ṣe déédé láti ìrù dé orí, kì í gé lójijì, kì í sì í mú ẹran ibì kan ṣoṣo gbẹ. Àrùn kan sì wà tí ara fúnra rẹ̀ ń bá páńkíríásì jà, tí ó máa ń fún ọ̀nà omi dípò kí ó mú un fẹ̀. Bí dókítà bá rí ibi tí ó fún tí òkè rẹ̀ kò sì fẹ̀, ó yẹ kí ó rántí rẹ̀ kí ó tó mú ọ̀bẹ.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá rí kókó, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a ń ti inú okùn kan náà gún un, tí a ó fi mú díẹ̀ wá síwájú àwọn tí ń fi awò kékeré yẹ ẹran wò. Peter Vilmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark ni ó kọ́kọ́ ṣe é fún páńkíríásì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nígbà tí kò bá rí kókó, iṣẹ́ di ti ẹnu àti etí. Dókítà á béèrè ọtí, á béèrè sìgá, á béèrè bóyá bàbá tàbí ìyá kú nípa inú rírun, á béèrè ìwọ̀n ara ní ọdún tó kọjá, á béèrè ìgbẹ́, ohun tí àgbàlagbà wa kì í fẹ́ sọ lójú ọmọ. Ẹ sọ ọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA 19-9 wà, ṣùgbọ́n ó lè ga nígbà tí ọ̀nà òronro bá dí lásán, ó sì lè wà nílẹ̀ nígbà tí jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, nítorí náà èmi kò fara mọ́ àṣà tí àwọn kan ní láti máa lọ sanwó rẹ̀ fúnra wọn kí wọ́n sì máa ti ibẹ̀ sọkún tàbí yọ̀.

Ó sì lè jẹ́ pé gbogbo èyí parí tí a kò rí nǹkankan: ọ̀nà náà fẹ̀ díẹ̀ lára àgbàlagbà tí kò rù, tí ojú rẹ̀ kò pọ́n, tí ṣúgà rẹ̀ kò ga. Wọn a ní kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀ fún àyẹ̀wò mìíràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí dókítà tó gbọ́n kì í gbàgbé: ǹjẹ́ wọ́n ti ya àwòrán inú yín rí? Mìlímítà 5 tí ó ti jẹ́ 5 láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, àti mìlímítà 5 tí ó jẹ́ 2 ní èṣí, ọ̀rọ̀ wọn kò jọra rárá, kò sì sí ẹ̀rọ tuntun kankan tí ó lè fi ìyàtọ̀ náà hàn bí fílímù àtijọ́ kò bá sí. Bàbá tí ó kó gbogbo fílímù àti ìwé èsì rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá lábẹ́ ibùsùn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń bínú pé ó ń fi pàǹtí kún ilé, àpò náà ni kí wọ́n bá a gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí wọ́n bá pè é.